Ìwé Alẹ́ Bàbá Oníná

Láti ìdájí ni Ìyá Aránṣọ ti jí, ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò rẹ̀ kanlẹ̀kùn lágogo mẹ́jọ, ó fa aṣọ borí, ó wá ń mí bí ẹni tí oorun gbé lọ. Obìnrin ọlọ́dún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni. Ẹni tó ti fi àádọ́ta ọdún ránṣọ fún ìdajì ìlú kò yẹ lẹ́ni tí yóò máa sá sábẹ́ aṣọ nítorí àbúrò tí òun fúnra rẹ̀ fi ẹ̀yìn pọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù kò sì mọ àgbà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde o," ni àbúrò náà wí lójú fèrèsé. "Ẹni tó sùn là ń jí, ẹnìkan kì í jí apiroro. Mo ń rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín tó ń mì."

Ẹ́ńjìnnì ni gbogbo ayé ń pè é. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa ní ìdí mìíràn tún wà tí orúkọ náà fi bá a mu: bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àfi kí epo tán nínú rẹ̀ kó tó dákẹ́. Láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin bá àwọn ará kíláàsì rẹ̀ lọ wo Ilé Iná, ilé gogoro àtijọ́ tó wà létí òkun, tó máa ń tanná fún àwọn ọkọ̀ kí wọ́n má baà forí sọ àpáta. Wọ́n ti sọ ibẹ̀ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí. Tẹ̀rín-tẹ̀rín lọmọ náà dé. Ó ní ère ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó jókòó sórí àga tó ń sùn, wọ́n sì ní òun ni olùtọ́jú iná tó sùn lọ lẹ́nu iṣẹ́.

"Bàbá Àgbà, ṣé bàbá yín kọ́ nìyẹn?"

Bàbá wọn ni. Bàbá Oníná ni ìlú ń pè é. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi tọ́jú iná yẹn, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí, títí tó fi kú, pé iná kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan.

"Lónìí," ni Ẹ́ńjìnnì ń wí bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń wá bàtà, "wọ́n máa dárúkọ ẹni tó ka ìkàkukà fún wọn. Onítọ̀hún á rí mi, èmi náà á rí onítọ̀hún. Ẹ̀yin ẹ sáà máa wò mí."

Ìyá Aránṣọ rí bàtà, ó wọ̀ ọ́. Ó mọ ẹni tó kà á. Òun ni.

Ọdún kejìlá rèé tí àwọn méjì kan wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú fọ́tò ojú ìwé kan lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn rí ìwé tí Bàbá Oníná máa ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí lálaalẹ́, èyí tí àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ sí ìwé alẹ́, ṣùgbọ́n kíkà rẹ̀ fẹ́ bá àwọn jà. Kò lè ṣe kó má bá wọn jà. Bàbá Oníná ti dàgbà kó tó mọ̀wé kọ, kì í sì í fi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀ tàbí sábẹ́ rẹ̀. Ó ní yíǹkì ni àmì ń jẹ, pé ẹni tó bá sáà ti gbọ́ èdè á mọ ohun tí òun ń wí. Ọ̀rọ̀ tí kò bá sì pọn dandan, kì í kọ ọ́ rárá. Bó bá bu epo sínú fìtílà, "Bu epo" ni yóò kọ. Bó bá nu gíláàsì, "Nu." Ó parí.

Ìyá Aránṣọ gbé jígí rẹ̀ sójú lọ́jọ́ náà, ó wo fọ́tò. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: *Ero ku ni agogo mesan. Mo sun di owuro.*

Ọkàn rẹ̀ já. Ó wá kà á sókè fún wọn pé, "Ẹ̀rọ kú ní agogo mẹ́sàn-án. Mo sùn di òwúrọ̀." Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n bá tiwọn lọ. Ó padà sídìí máṣíìnì rẹ̀, kò sì rán ìlà kan tó tọ́ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ náà, kò gba ojú ọ̀nà Ilé Iná kọjá mọ́. Bí iṣẹ́ bá gbé e lọ sápá ibẹ̀, ẹ̀yìn ọjà ló ń gbà.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ ba bàbá rẹ̀ lórúkọ jẹ́. Ó fẹ́ràn bàbá náà ju bó ṣe fẹ́ràn ojú ara rẹ̀ lọ. Ó sáà ní ohun tó ti fi ojú rí ní kékeré ni, ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi èyí tó wá ti ẹnu rẹ̀ yọ sínú ìwé àwọn àlejò yẹn. Bí Ẹ́ńjìnnì bá wá mọ̀ lónìí, ojú wo ni yóò fi wo òun? Àwọn méjì péré ló kù nínú ilé bàbá wọn.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wọn lọ sétí òkun, Ẹ́ńjìnnì nìkan gba ìjókòó èèyàn méjì, síbẹ̀ òun náà ló ń ráhùn.

"Ẹ sún díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ti fún mi pa."

"Ibo ni kí n sún sí? Ṣé kí n bọ́ sílẹ̀ fún ọ ni?"

"Ẹ sáà sún."

Ó sún. Ó ti ń sún fún ọmọkùnrin yìí láti ìgbà tí wọ́n jọ ń sùn lórí ẹní kan ṣoṣo.

Ilé tí wọ́n dàgbà sí wà ní ìsàlẹ̀ Ilé Iná gan-an, yàrá méjì àti ilé ìdáná, ògiri funfun, fèrèsé aláwọ̀ búlúù tó kọjú sí omi. Ibẹ̀ ni wọ́n sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Tábìlì ìwé ìwọlé ló wà nílé ìdáná, níbi tí ààrò ìyá wọn wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan jókòó síbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ bíi mẹ́jọ so mọ́ okùn lọ́rùn rẹ̀. Òun ni alábòójútó ilé náà. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní àwọn àgbàlagbà kì í sanwó.

"Ibi tí o jókòó sí yìí," ni Ẹ́ńjìnnì wí, "ni ìyá wa ti fi ṣíbí ìdáná sán mi lórí nígbà tí mo jí ṣúgà lá. Kò gba owó lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà o. Ìwọ náà ò lè gbà á."

Ọ̀dọ́bìnrin náà kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni tàbí kí òun tọrọ àforíjì. Ó ṣe méjèèjì.

Yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn sí ni wọ́n kó àwọn ẹrù sí. Agolo epo wà níbẹ̀, àti agogo tí wọ́n ń lù bí kùrukùru bá bo òkun, àti aṣọ òjò ńlá kan tí Ìyá Aránṣọ mọ ojú abẹ́rẹ́ ìyá rẹ̀ lára rẹ̀ kó tó sún mọ́ ọn. Ìwé alẹ́ wà láàárín yàrá nínú àpótí onígíláàsì, ó ṣí sílẹ̀ sójú ìwé kan ṣoṣo. Ère náà sì wà ní igun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ibi tí ẹní wọn máa ń wà.

Ọkùnrin onígi ni, orí rẹ̀ tẹ̀ sí èjìká, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dùbúlẹ̀ lórí itan. Ẹni tó gbẹ́ ẹ mọṣẹ́. Ẹni tó ránṣọ sí i lọ́rùn kò mọ̀ ọ́n rárá. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì náà wọ́ sápá kan bí etí ewúrẹ́. Ọkọ àti ìyàwó kan ń ya fọ́tò nídìí rẹ̀, ọkọ náà gbé orí ti orí ère, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń han-an-run. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyá Aránṣọ yíjú sí ògiri. Ó dùn ún wọra. Àwọn èèyàn yìí kò ṣẹ̀ ẹ́, ohun tó kà fún wọn ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ́ńjìnnì dúró dìgbà tí tọkọtaya náà jáde. Ó wá súnmọ́ káàdì tó wà lẹ́sẹ̀ ère, ó kà á pẹ̀lú ohùn tó fi ń bá àwọn atukọ̀ jà: "'Bàbá tó sùn. Lóru ọjọ́ tí ẹ̀rọ Ilé Iná kú, olùtọ́jú rẹ̀ sùn di òwúrọ̀, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé. Ọmọ rẹ̀ ló bá wa ka ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀.'"

Ó tún ìlà ìkẹyìn kà, ó rọra kà á lọ́tẹ̀ yìí.

"Ọmọ rẹ̀," ni ó wí. "Ọmọ méjì ni bàbá wa bí. Mo mọ ọ̀kan. Òun kọ́."

Kò sí ibi tí èèyàn lè sá sí nínú yàrá tí kò ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ìyá Aránṣọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn àlejò.

"Èmi ni," ni ó wí. "Má pariwo. Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, lẹ́yìn náà kí o wá pariwo."

Ó sọ ọ́ fún un. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni òun nígbà náà, Ẹ́ńjìnnì ò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ. Ìyá wọn rán òun lọ sókè láàárọ̀ ọjọ́ kan kí òun gbé tíì fún bàbá. Òun gùn ún dé òkè. Ẹ̀rọ tó máa ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ dákẹ́, bàbá náà sì dákẹ́. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni bàbá wà, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Òun pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn. Òun gbé tíì sílẹ̀, òun sọ̀ kalẹ̀, òun parọ́ fún ìyá wọn pé bàbá ní kí wọ́n kú iṣẹ́.

"Kò sẹ́ni tí mo sọ fún. Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo ti ń gòkè lọ bá wọn ní ìrọ̀lẹ́. Mo ní bí mo bá ń sọ̀rọ̀ sí wọn létí, oorun ò ní lè gbé wọn. Ọdún márùn-ún, àbúrò mi. Mo sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ fún wọn, nígbà tó tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá irọ́ sílẹ̀."

"Bàbá ní torí pé ẹ fẹ́ràn iná ni."

"Iná tó ń ta mí lójú."

Bí Ẹ́ńjìnnì bá pariwo, ìbá sàn fún Ìyá Aránṣọ. Ọkùnrin náà dúró, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré.

"Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lẹ ti dá wọn lẹ́bi. Ẹ ò bi wọ́n léèrè."

"Ojú ń tì mí láti bi wọ́n."

"Ẹ ò bi wọ́n," ni ó tún wí. Ó bá jáde nínú yàrá, ó gba ẹnu ọ̀nà àtẹ̀gùn lọ.

Alábòójútó ti gbọ́ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà láti ilé ìdáná. Ó di Ìyá Aránṣọ lápá mú, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká bá wọn lọ. Wọn ò gbọ́dọ̀ dá nìkan wà lókè." Báyìí ni wọ́n ṣe gun àtẹ̀gùn méjìdínlọ́gọ́rùn-ún, orúnkún Ìyá Aránṣọ ń fẹjọ́ sùn ní gbogbo àtẹ̀gùn mẹ́wàá-mẹ́wàá, wọ́n ń dúró fún un.

Wọ́n bá Ẹ́ńjìnnì lókè, lórí ìkúnlẹ̀. Inú ṣì ń bí i, ẹnikẹ́ni tó bá wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ á mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló wà níwájú rẹ̀, èèyàn bíi tirẹ̀ kò sì lè rí ẹ̀rọ kó má yọjú wò ó. Gíláàsì ńlá ló dúró láàárín yàrá náà, ó ga ju èèyàn lọ, ó yí fìtílà ká. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn eyín irin wà, ṣéènì kan sì wọnú ihò jíjìn kan tó gba àárín ilé náà lọ sísàlẹ̀.

"Bí aago ògiri ni," ni ó wí, kò sọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. "Irin tó wúwo so mọ́ ṣéènì. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, gíláàsì á máa yí. Ẹ wo ibí. Ṣéènì yìí ti já rí. Ojú kan yìí, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ni, irin rẹ̀ yàtọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà," ni alábòójútó wí. "Bí kò bá yí, iná náà ò kú o, ṣùgbọ́n kò ní máa ṣẹ́jú. Ilé Iná kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń ṣẹ́jú tirẹ̀. Bí ti wa bá dúró sójú kan, atukọ̀ lè rò pé iná ilé ẹnìkan ni, kó wá gbé ọkọ̀ lọ sórí àpáta."

Ẹ́ńjìnnì gbójú sókè. "Ọkọ̀ wo ló forí sọ àpáta lálẹ́ ọjọ́ náà?"

"Kò sí, sà."

"Ta ló wá fẹjọ́ sùn?"

"Kò sí àkọsílẹ̀ ẹnikẹ́ni."

"Kò sẹ́ni tó fẹjọ́ sùn," ni ó wí, "ẹ wá ní òun ló sùn." Ó dìde, ó ń yí gíláàsì náà po, ó ń fọwọ́ wá nǹkan lára rẹ̀ bí ẹni ń wá bọ́tìnnì nínú òkùnkùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ bo ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi lójú."

Ó sún sẹ́yìn. Níbi tó dúró sí tẹ́lẹ̀ ni igi kan ti yọ jáde lára irin tó gbé gíláàsì dúró, ó gùn tó apá, ó wà ní gíga èjìká èèyàn. Orí igi náà ti jẹ wọnú, ó ń dán bí ẹsẹ̀ àga àtijọ́. Ẹ́ńjìnnì fi èjìká tì í. Èjìká rẹ̀ wọnú ibi tó jẹ náà géérégé. Gíláàsì ńlá yẹn ṣí kúrò níbi tó wà láìdún, oòrùn inú rẹ̀ sì rìn kọjá lórí ògiri.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, wọn ò fẹ́ ká máa tì í!"

"Mi ò tì í o, ọmọ mi. Ẹni tó bá tì í, á sáré jù, bó ṣe ń ṣẹ́jú á dàrú. Wọ́n á máa sún un ni. Sísún ni, díẹ̀díẹ̀, kéèyàn sì máa kà á sínú bó ti ń lọ."

Ìyá Aránṣọ di irin etí àtẹ̀gùn mú.

"Kí lo wí?"

"Mo ní wọ́n á máa sún un."

"Tún un wí."

Ẹ́ńjìnnì wò ó bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni. "Sún. Wọ́n á sún un. Kí ló dé?"

Ẹnu Ìyá Aránṣọ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́, ó ń gbé ọ̀rọ̀ kan sókè, ó ń gbé e sílẹ̀, bí ẹni ń fi aṣọ kan náà wọ èèyàn méjì láti mọ ẹni tó rán an fún. Mo sùn di òwúrọ̀. Mo sún di òwúrọ̀. Bàbá tó ń kọ "Nu" nígbà tó nu gíláàsì, tó ń kọ "Bu epo" tí kò sọ inú ohun tó bù ú sí, ṣé irú bàbá bẹ́ẹ̀ ló máa fi yíǹkì ṣòfò lórí "sún un"?

"Ṣùgbọ́n mo rí wọn," ni ó wí nígbẹ̀yìn, bí ọmọdé. "Mo rí wọn tí wọ́n ń sùn."

"Àárọ̀ lẹ rí wọn." Ẹ́ńjìnnì ti fi igi sílẹ̀. "Kọ́tíìnì ńkọ́?"

"Kọ́tíìnì wo?"

"Èyí tí wọ́n fi ń bo gíláàsì bí ilẹ̀ bá mọ́, kí oòrùn má baà gba inú rẹ̀ jó nǹkan. Bí wọ́n bá ti paná tán, òun ni iṣẹ́ ìkẹyìn. Nígbà tí ẹ dé òkè, ṣé kọ́tíìnì wà nílẹ̀ ni àbí ó ti bò ó?"

Bó bá jẹ́ nǹkan mìíràn ló bi í, ìbá ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n aṣọ ló bi í, kò sì sí aṣọ tí ojú Ìyá Aránṣọ rí tí ọkàn rẹ̀ fọ̀ dànù. Funfun ni. Ìṣẹ́tí rẹ̀ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ìyá wọn gbé abẹ́rẹ́ lé òun lọ́wọ́ fún, ojú abẹ́rẹ́ òun rí wọ́gọwọ̀gọ lára rẹ̀. Ìgbà tí òun ń pe bàbá lẹ́ẹ̀mẹta tí ẹ̀rù ń ba òun, ìṣẹ́tí yẹn ni òun dì mú, ó sì nà gbọọrọ láti òkè délẹ̀, ó yí gíláàsì ká.

"Ó ti bò ó," ni ó wí. "Wọ́n ti fà á. Iṣẹ́ ti parí kí n tó dé."

Afẹ́fẹ́ òkun ń lu fèrèsé. Ìyá Aránṣọ ló kọ́kọ́ yí padà sí àtẹ̀gùn.

"Ọmọ mi," ni ó bi alábòójútó, "kí ló wà lẹ́yìn ojú ìwé tó ṣí sílẹ̀ yẹn?"

Ọ̀dọ́bìnrin náà fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀. "Màmá, ojú ìwé yẹn nìkan ni mo bá ní ṣíṣí. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ti ṣí i síwájú."

"Ọdún méjìlá!" ni Ẹ́ńjìnnì wí. Epo ti padà sínú rẹ̀. "Wọ́n gbẹ́ odidi ère, wọn ò lè ṣí ewé kan!"

Nísàlẹ̀, alábòójútó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó ṣí àpótí, ó gbé ìwé náà lé orí tábìlì tó wà nílé ìdáná, ó sì rọra yí ewé kan. Ìyá Aránṣọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà nídìí tábìlì, ó wá jígí rẹ̀, ó rí i, ó nù ún, ó tún un nù. Ẹ̀rù àárọ̀ ti padà dé. Ohun tó ń wá ni kí bàbá rẹ̀ má jẹ̀bi, bí ewé yìí bá sì dá a lẹ́bi lẹ́ẹ̀kejì, kò sí kọ́tíìnì tó máa gbà á sílẹ̀. Ó na ìwé sí àbúrò rẹ̀.

"Ìwọ kà á."

"Rárá o. Ẹ̀yin lẹ kà á lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ̀yin náà lẹ máa kà á."

Ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá wọn ni, àwọn lẹ́tà ńlá tó dà bíi pé ẹni tó kọ wọ́n ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. *Ejika osi wu. Mo fi otun sun, mo nka titi ile fi mo. Ero ko ti ji.*

"'Èjìká òsì wú,'" ni ó kà. Ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. "'Èjìká òsì wú. Mo fi ọ̀tún sún, mo ń kà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ̀rọ kò tíì jí.'"

"Òru méjì," ni Ẹ́ńjìnnì wí. "Òru méjì gbáko, pẹ̀lú èjìká."

Ìlà kan ṣoṣo ló kù nísàlẹ̀, ti ọjọ́ kẹta: *Atunse de losan. Ero ji. Mo sun.*

Ìyá Aránṣọ kà á dé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ó sinmi lé e. Lẹ́tà mẹ́ta kan náà ni, kò sí àmì lórí rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kò kánjú.

"'Àtúnṣe dé lọ́sàn-án. Ẹ̀rọ jí,'" ni ó kà. "'Mo sùn.'"

Ó bọ́ jígí, ó sunkún. Ojú ń tì í, inú rẹ̀ sì ń dùn, kò mọ èyí tí òun ń sunkún fún nínú méjèèjì. Ó rántí bí bàbá náà ṣe máa ń kí òun ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọdún márùn-ún tí òun fi ń gòkè lọ ṣọ́ ọ. Orí àpótí epo ló ń jókòó sí, yóò rọra kúrò láàárín rẹ̀ kó lè gba èèyàn méjì, á máa fi ọwọ́ pa èjìká. "Ó ti dé," ni yóò wí. "Wá, sún mọ́ mi."

"Wọ́n ní ẹni tó bá gbọ́ èdè á mọ ohun tí àwọn ń wí," ni ó sọ fún àbúrò rẹ̀. "Mo gbọ́ èdè. Mi ò gba bàbá mi gbọ́."

Ẹ́ńjìnnì wá jókòó. Bẹ́ǹṣì náà kéré.

"Ẹ sún fún mi," ni ó wí. Ó sún fún un. Ẹ́ńjìnnì gbé ọwọ́ lé èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì sọ ohun mìíràn, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Alábòójútó mú káàdì tuntun wá àti bíró. Ó ní òun máa kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá òun kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kò yẹ kí káàdì ti àtijọ́ di ọ̀la níbẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ bàbá náà sílẹ̀ bó ti kọ ọ́, láìsí àmì. Ó wá gbé bíró lé Ìyá Aránṣọ lọ́wọ́. Obìnrin náà tẹ̀ síwájú, bó ṣe máa ń tẹ̀ bá abẹ́rẹ́ tí òwú ò tíì wọ̀, ó fi àmì kékeré kan sórí "sun," ó jẹ́ kó kọjú sókè. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan.

"Ó ku ère," ni Ẹ́ńjìnnì wí. Ó ti dìde. "Kí wọ́n gbé e kúrò níbí lónìí. Kí wọ́n gbẹ́ òmíràn tó dúró, tó fi èjìká sígi. Mo lè fi hàn wọ́n bó ṣe máa rí. Kí ẹnikẹ́ni má tún wá han-an-run sí bàbá mi létí."

Alábòójútó wo Ìyá Aránṣọ. Ìyá Aránṣọ lọ bá ère náà ní igun tirẹ̀, ó dúró níwájú rẹ̀, ó wò ó dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó yọ abẹ́rẹ́ tó máa ń há mọ́ àyà aṣọ rẹ̀. Ó tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì náà ṣe, ó gán an mọ́ ibi tó yẹ kó wà, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ lórí èjìká òsì, jẹ́jẹ́, bíi pé ó ṣì ń dùn ún.

"Wọ́n lè gbẹ́ èkejì sókè, nídìí igi," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n eléyìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn. Wọ́n ti sún tó."